"Borrow" àti "lend": èwo gan-an ni "yá mi"?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC kò yéé kọ "Borrow me your pen". Wọ́n ní ṣebí "yá mi ní bírò rẹ" náà ni. Báwo ni mo ṣe lè là á yé wọn, tí kò ní jẹ́ àkọ́sórí lásán?

Ọmọ Ọ̀sà
Tíṣà, ẹ̀bi àwọn ọmọ yẹn ò pọ̀. "Yá" kan ṣoṣo là ń lò fún ẹni tó ń gbà àti ẹni tó ń fúnni. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì: ẹni tó ń gbà ló ń "borrow", ẹni tó ni nǹkan ló ń "lend".

"Lọ́wọ́" ni kí wọ́n máa wá. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà tán ní Yorùbá. Bí "lọ́wọ́" bá wà níbẹ̀, bíi "Mo yá àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja", "borrow" ni, "from" á sì dúró fún "lọ́wọ́": "I borrowed a net from the fisherman". Bó bá jẹ́ èèyàn ló tẹ̀ lé "yá", tí "ní" wá tẹ̀ lé èèyàn náà, bíi "Apẹja yá mi ní àwọ̀n", "lend" ni: "The fisherman lent me a net". Ohun tí a yá ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé "borrow". Ẹni tó bá ní "borrow me", ara rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé lọ.

Ìyá Àgbà Lẹ́sìnnì
Òótọ́ ni. Ẹ tún ṣọ́ "lent" fún wọn: kò sí "lended". Ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde náà ń jẹ́ "Lent", àmọ́ lẹ́tà ńlá ló fi ń bẹ̀rẹ̀. "Lend me your net" dára, "lend your net to me" dára. "Lend to me your net" ni kò dára.

Alájàpá
Àwọn àgbà ṣì ń ya "wín" sọ́tọ̀. Aṣọ tàbí àwọ̀n là ń yá, torí òun gan-an la máa dá padà. Owó, iyọ̀ àti gàrí là ń wín, torí irú rẹ̀ la máa san. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀ yẹn, "borrow" ló ń lò fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sanwó láti fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja wá sí Ọjà Olúwo, ẹ ò yá a, ẹ háyà rẹ̀ ni: "hire".

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Á jẹ́ pé "Ó yá mi lówó" ni "He lent me money", "Ó yá owó lọ́wọ́ mi" sì ni "He borrowed money from me"?

Ọmọ Ọ̀sà
Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà. Ṣùgbọ́n "ní owó" ló di "lówó" yẹn o, kì í ṣe "lọ́wọ́". Ọmọ tí kì í fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ á kọ méjèèjì ní "lowo", ibẹ̀ ló ti máa ṣì í mú.