Wọ́n dá iṣẹ́ mi padà níbi ẹ̀bùn Sociology, wọn ò tiẹ̀ kà á

Olùbéèrè: Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Inú ń bí mi. Ọdọọdún ni ẹ̀ka Sociology wa ní Amẹ́ríkà níbí máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dáa jù lẹ́bùn. Èésú àwọn obìnrin wa ní Houston ni mo kọ lé lórí, ojú ìwé 41, àwòrán wà níbẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá a padà! Nígbà tó yá, ẹni tó kọ̀wé lórí ajá ni wọ́n fún. Ajá o! Ṣé kí n fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì díìnì?

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ kejì kẹ̀? A jẹ́ pé kò dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ rárá. Akọ̀wé ẹ̀ka ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ó bá òfin mu. Ojú ìwé mélòó ni wọ́n ní?

Olùbéèrè: 25. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe tó!

Àlàbí: Ta ló fẹ́ wo bó ṣe tó? Gé e. Ibi tí o ti ń to ohun tí àwọn àgbà ti kọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Geertz, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, sọ ní 1962 pé àtẹ̀gùn àárín ni irú ẹgbẹ́ àdájọ owó bẹ́ẹ̀, pé báńkì yóò rọ́pò rẹ̀ tó bá yá. Houston kún fún báńkì, èésú ṣì ń lọ. Àríyànjiyàn rẹ nìyẹn, gbé e sí ojú ìwé kìíní. Ohun tí àwọn onímọ̀ yòókù kọ, Bascom 1952 àti Ardener 1964, kò gbọdọ̀ ju ìpínrọ̀ kan lọ.

Dúpẹ́: Tí wọ́n bá ní ASA, ìyẹn ìlànà ìtọ́kasí ìwé ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Sociology Amẹ́ríkà, báyìí ni: (Bascom 1952:69), 69 ni ojú ìwé, kò sí kọ́mà. Yọ orúkọ rẹ kúrò ní ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi ìdúpẹ́, àti nínú Properties fáìlì Word, kí àwọn adájọ́ má bàa mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀ ń sọ kọ́mà! Àwọn obìnrin tí o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ńkọ́, ṣé IRB, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí lórí ènìyàn wò, fọwọ́ sí i?

Àlàbí: Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ kíláàsì ò nílò IRB.

Ìyá Ìbejì: Kì í ṣe ní gbogbo ilé ìwé. Tó bá ti fẹ́ jáde kúrò ní kíláàsì, wọ́n lè béèrè, IRB kì í sì í fọwọ́ sí ohun tó ti kọjá.

Olùbéèrè: Ìyẹn ò kàn mí, mà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe mástà ló gbàṣẹ. Àwọn náà ló fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin yẹn lẹ́nu wò, àwọn ló kọ ìdajì. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lára rẹ̀.

Àlàbí: Háà! O ò sì sọ látàárọ̀?

Dúpẹ́: Ẹ̀bùn dìgírì àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó ń ṣe mástà kò lè bá ọ pín in, kódà bó o gé e di ojú ìwé márùn-ún.

Olùbéèrè: Tí mo bá yọ orúkọ wọn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Kí wọ́n lè lé ọ kúrò nílé ìwé? Olè nìyẹn. Kọ tìrẹ tuntun. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí IRB kí wọ́n fi orúkọ rẹ kún àwọn olùwádìí, kí o tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀. Sọ ọ́ nínú apá ìlànà ìwádìí pé ẹlòmíràn ló gbà á sílẹ̀. Kí o sì bi akọ̀wé ẹ̀ka léèrè, ní kíkọ sílẹ̀, bóyá wọ́n ń gba irú ẹ̀.