Ẹ gbà mí o: báwo la ṣe ń yẹ ether àtijọ́ wò láìsí test strip?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àkúrẹ́ ni mo wà, ní yàrá kẹ́místírì ilé ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀gá ní kí n yẹ àwọn ether (kẹ́míkà olómi tó ń tètè fò lọ) inú sítọ̀ wò bóyá wọ́n ti ní peroxide, ìyẹn nǹkan tó lè bú tó máa ń hù nínú ether tó bá pẹ́, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lò ó lọ́jọ́ Ajé. Kò sí strip, bébà tí a fi ń dán peroxide wò, wọn ò sì fún mi lówó. Ẹni tí mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Iná ò sí, ooru sítọ̀ yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n máa dì mú!

Ọmọ Èkìmọ̀gún: Potassium iodide ni o. Mílígíráàmù 100 nínú acetic acid mL 1, kí o da ether mL 1 sí i. Tó bá di àwọ̀ ìyeyè, peroxide ti wà ńbẹ̀. Tó bá di búráùn, ó ti pọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ether wo? Ìgbà wo ni wọ́n ṣí i? O ti ro ẹjọ́ ọ̀gá tán, o ò sọ èyí tó ṣe kókó.

Ará Alágbàka: Kó gbé e sí fìríìjì, ó parí.

Ìyá Ìbejì: Kò parí o. Òtútù kì í dá peroxide dúró. Tí wọ́n bá sì sè é gbẹ, ether á fò lọ, peroxide á ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bú.

Ará Alágbàka: Nígbà tí mo ṣe IT l'Óǹdó, inú fìríìjì la máa ń kó o sí, kò ṣe wá ní nǹkan kan.

Olùbéèrè: Ẹ má bínú, mà. Diethyl ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n kọ BHT, kẹ́míkà tó ń fa peroxide sẹ́yìn, sí i lára. Isopropyl ether ni ìgò kan. Mo fẹ́ ṣí i lánàá, ó le koko, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì wà létí ìdérí.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Má fọwọ́ kàn án mọ́! Yíyí ìdérí yẹn nìkan lè mú un bú gbàmù.

Ọmọ Èkìmọ̀gún: Ìdánwò tí mo sọ kò sí fún ìgò yẹn rárá. Àwọn tí ẹ ò mọ ọjọ́ wọn náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Olùbéèrè: Ọ̀gá ò gbé fóònù. Ṣé kí n rọra gbé e síta?

Ìyá Ìbejì: Rárá, ọmọ mi. Ti ilẹ̀kùn, lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Lọ bá aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ nísinsìnyí, kí wọ́n pe àwọn ọlọ́pàá tó ń mójú tó bọ́ǹbù.