Àpò colostomy ń wú lóru: kí ló ń dí fílítà rẹ̀?

Àkànní_Ìlẹ̀kùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa ní colostomy, ìyẹn ojú ìfun ńlá tí dókítà ṣí sára ikùn kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Àpò náà ní fílítà lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ la sì ń tú láti da ìgbẹ́ nù. Lọ́jọ́ tí a bá lẹ̀ ẹ́, kò sí wàhálà. Tó bá di ọjọ́ kejì, á wú lóru títí etí tó lẹ̀ mọ́ ara á fi máa ṣí. A máa ń bu omi sínú rẹ̀ ṣan án lẹ́yìn tí a bá dà á nù. Wọ́n ní ká fi abẹ́rẹ́ lu ihò tín-ín-rín sí i. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ìyá_Ewé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú o! Èédú ló wà nínú fílítà yẹn, òun ló ń gba òórùn kí afẹ́fẹ́ tó jáde. Ihò abẹ́rẹ́ kò ní èédú: òórùn á gba ibẹ̀ jáde, omi ìgbẹ́ á sì tẹ̀ lé e.

Omi tí ẹ fi ń ṣan án ni mo fura sí jù. Bí èédú bá ti rin, afẹ́fẹ́ kì í lè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́. Inú àpò kò nílò fífọ̀. Ẹnu ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi tíṣù nù, nínú àti lóde, kí ẹ tó dì í. Tí màmá bá fẹ́ wẹ̀, ẹ mú sítíkà kékeré tó wà nínú páálí àpò, ẹ lẹ̀ ẹ́ bo fílítà láti ìta. Ẹ rántí ṣí i tí wọ́n bá gbẹra tán, torí bí sítíkà bá wà níbẹ̀ mọ́jú, àpò á wú náà ni.

Ẹ mọ̀ pé fílítà kì í pẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ. Fún ẹni tó ní ileostomy, ìyẹn tí ojú tí wọ́n ṣí jẹ́ ti ìfun kékeré, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàn bí omi, fílítà tún máa ń yára dí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dé_Olùtọ́jú
Òótọ́ ni Nọ́ọ̀sì sọ. Kí n fi kún un: ẹ máa dà á nù tó bá ti kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìdajì. Ẹ tún dà á nù kí wọ́n tó sùn, torí bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ìgbẹ́ inú rẹ̀ lè ṣàn dé fílítà.

Ẹ wo oúnjẹ náà. Afẹ́fẹ́ ẹ̀wà, ẹyin, kábéèjì tàbí àlùbọ́sà lè tó wákàtí 6 sí 8 kó tó dé inú àpò colostomy, nítorí náà ẹ̀wà alẹ́ ló ń wú àpò láàárọ̀ kùtù. Kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kí wọ́n sì dín ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù.

Àkànní_Ìlẹ̀kùn
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Nígbà mìíràn, àpò ọ̀tun á tún lẹ̀ pẹlẹbẹ, ìgbẹ́ á sì kóra jọ sí ojú ìfun lókè, kò ní sọ̀ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìyá_Ewé
Ìyẹn ni pé fílítà ń tú afẹ́fẹ́ jáde jù. Ibi tí sítíkà ti wúlò jù nìyí: ẹ fi bo fílítà. Kí ẹ tó lẹ àpò, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀, kí awẹ́ rẹ̀ méjèèjì yà síra. Ẹ má fi òróró pa ara tí àpò máa lẹ̀ mọ́, kò ní dúró. Omi lásán ni kí ẹ fi fọ awọ ibẹ̀, kí ó gbẹ dáadáa, kí ihò tí ẹ gé sára àpò sì fi mìlímítà 2 sí 3 péré tóbi ju ojú ìfun lọ.

Bí ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ kò bá jáde rárá, tí ikùn ń wú, tí wọ́n ń bì, tàbí tí ojú ìfun bá dúdú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.