Báwo ni a ṣe ń rí ìpíndọ́gba ẹrù ọkọ̀ kan láti inú ìwádìí ojú títì?

Akamọ́tò béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ètò ìrìnnà. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ gba iṣẹ́ láti fojú díwọ̀n iye ọkọ̀ ẹrù tí yóò máa gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní ọdún mẹ́wàá sí i. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa ti ṣírò iye tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, epo, oúnjẹ àti ọjà inú kọ̀ńténà tí wọ́n rò pé yóò máa rìn; tiwa ni kí a sọ tọ́ọ̀nù yẹn di ọkọ̀. Ìdí nìyí tí a fi lọ dá ọkọ̀ dúró ní tòsí Ògèrè fún ọ̀sẹ̀ kan, láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí a sì bi awakọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè irú ẹrù tó gbé, bó ṣe pọ̀ tó, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ.

Mo ro gbogbo tọ́ọ̀nù tí wọ́n pè fún wa pọ̀, mo sì fi iye ọkọ̀ pín in. Ọ̀gá mi wo ohun tí mo rí, ó ní ó ti kéré jù. Ẹlẹgbẹ́ mi kan wò ó, ó ní ó ti pọ̀ jù. Nínú ìwé ìbéèrè wa, a rí ibi tí wọ́n kọ “trélà kan” sí ipò ìwọ̀n ẹrù, a rí ibi tí wọ́n kọ “ó kún”, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ṣófo wà tí a kọ òdo fún. Ṣé kí n yọ àwọn òdo yìí kúrò ni? Ṣé nọ́ńbà kan ṣoṣo sì tó fún gbogbo ọkọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Oníṣirò dáhùn pé:

Akamọ́tò, ẹ kú làálàá oòrùn Ògèrè. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó rárá. Ká sọ pé ẹrù méjì péré ló wà lójú ọ̀nà: 120 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, tí trélà kan ń gbé 30 nínú rẹ̀, àti 120 tọ́ọ̀nù fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, tí ọkọ̀ kan kò lè gbé ju 4 lọ, nítorí pé àyè ló máa ń tán nínú ọkọ̀ fóòmù kí agbára rẹ̀ tó tán. Sìmẹ́ńtì yóò gba ọkọ̀ 4, fóòmù yóò gba ọkọ̀ 30, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 34. Ẹni tó bá ro 30 àti 4 pọ̀, tó sì pín in sí méjì, yóò rí 17. Bó bá wá fi 17 pín 240 tọ́ọ̀nù, ọkọ̀ 14 ni yóò sọ pé ó máa kọjá. Ogún ọkọ̀ ti rì sínú ìṣirò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó purọ́. Ìpíndọ́gba tó tọ́ ni 240 tí a fi 34 pín, tí kò ju 7 àti díẹ̀ lọ.

Ẹ lè sọ pé bí ẹ ṣe ṣe tiyín gan-an nìyẹn, torí pé àpapọ̀ tọ́ọ̀nù lẹ fi iye ọkọ̀ pín. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àdàlù ẹrù ti ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni èsì yín bá mu. Bí sìmẹ́ńtì bá di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí fóòmù kò sì kúrò lójú kan, nọ́ńbà yẹn ti bàjẹ́. Irú ẹrù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ṣírò tirẹ̀, kí ẹ sì tún ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀: lọ́rì kékeré, tìpá, trélà, tańkà.

Ní ti òdo, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ìyókù. Bí ọkọ̀ 100 bá kọjá, tí 65 gbé ẹrù 20 tọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan, tí 35 sì ṣófo, ìpíndọ́gba ọkọ̀ tó lẹ́rù ni 20, ti gbogbo ọkọ̀ sì ni 13. Nọ́ńbà méjèèjì ló dára, iṣẹ́ wọn ni kò papọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lo 13, tí wọ́n tún wá fi ìpín ọkọ̀ tó ṣófo kún iye tí wọ́n rí, tí wọ́n fi ka ọkọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi a máa lo ti ọkọ̀ tó lẹ́rù, màá sì kọ ìpín àwọn tó ṣófo sọ́tọ̀ fún ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀, nítorí pé tìpá tó já yanrìn sílẹ̀ kì í rí ẹrù gbé padà, nígbà tí trélà ọjà lè rí i.

Ó ku ohun kan: ṣé ẹ ka gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́yìn àwọn tí ẹ bi? Bí tańkà 200 bá kọjá tí ẹ sì bi 20, tańkà kọ̀ọ̀kan dúró fún 10. Bí lọ́rì kékeré 300 bá kọjá tí ẹ sì bi 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún 3. Àìfi èyí sí i ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ tó rọrùn láti dá dúró gba gbogbo èsì mọ́ra. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ṣíwọ́ náà ń kọ mí lóminú, torí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńláńlá, òru ni wọ́n ń rìn.

Bàbá Trélà dáhùn pé:

Akamọ́tò ọmọ mi, ìṣirò yẹn dára, àmọ́ ohun tí ẹ bi awakọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé ọdún púpọ̀ ni mo fi wa trélà sìmẹ́ńtì láti Ewékorò. Má bi awakọ̀ ní tọ́ọ̀nù. Bí o bá bi í, ohun tó bá wá sí i lẹ́nu ni yóò sọ, tàbí kí ó sọ ohun tí kò ní kó bá a, nítorí pé ó lè rò pé lára àwọn tó ń mú ọkọ̀ tó bá gbé ẹrù jù lo wà. Iye àpò ni kí o bi í. Kò sí awakọ̀ sìmẹ́ńtì tí kò mọ̀ bóyá 600 àpò ló wà lẹ́yìn òun tàbí 900. Àpò kan jẹ́ 50 kílò, nítorí náà 600 jẹ́ 30 tọ́ọ̀nù, 900 sì jẹ́ 45. Bí iyè méjì bá wà, ní kó fi wéébìlì, ìwé tí wọ́n kọ ẹrù ọkọ̀ sí, hàn ọ́. Yóò gbọ́wọ́ sókè lórí ìjókòó rẹ̀, yóò fa bébà tí òógùn ti rẹ yọ, iye àpò á wà níbẹ̀.

Lítà ni tańkà. 33,000 lítà pẹtiróòlù wúwo tó nǹkan bíi 24 tọ́ọ̀nù, dísù iye kan náà sì súnmọ́ 28, nítorí pé dísù wúwo ju pẹtiróòlù lọ. Máa rántí pẹ̀lú pé òfin ń yí ọkọ̀ padà: láti oṣù kẹta ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí tańkà tó ń gba 60,000 lítà sókè má gbé epo mọ́, ìwádìí tí wọ́n ṣe ṣáájú ìgbà náà kò sì lè sọ òdodo nípa tańkà tòní. Gàárì ni kò ní òótọ́ kankan, nítorí pé kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí wọ́n sì ṣe ń rọ àpò Ìjẹ̀bú kọ́ ni wọ́n ń rọ ti ibòmíràn. Ẹ gbé àpò mélòó kan sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì fi ìpíndọ́gba wọn ṣiṣẹ́. Ní ti kọ̀ńténà, àwọn kan máa ń pe ìwọ̀n ọjà mọ́ ti àpótí irin náà. Oní-20 ẹsẹ̀ bàtà nìkan ju tọ́ọ̀nù méjì lọ lófìfo.

Àrẹ̀mọ Houston dáhùn pé:

Mo fẹ́ kìlọ̀ kan. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yá nọ́ńbà Amẹ́ríkà lò, ẹ má gbà. Ìwádìí kan wà níbí ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fi bi àwọn onímọ́tò ẹrù léèrè láti ọdún 1963, tí wọ́n dá dúró lẹ́yìn ti 2002, tí wọn kò sì tún ṣe mọ́ títí di 2021. Láàárín àkókò náà, nọ́ńbà 2002 ni àwọn elétò ń lò kiri bí ẹni ń wọ aṣọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ wúlò, torí pé irú ọkọ̀, irú ibi ìkẹ́rù ẹ̀yìn rẹ̀ àti jíjìn ìrìnàjò ni wọ́n fi ń ya ìpíndọ́gba sọ́tọ̀, kì í ṣe irú ẹrù nìkan. Àmọ́ lójú títì ńlá ìjọba àpapọ̀ níbí, ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ pọ̀ kò gbọdọ̀ ju 80,000 pọ́ùn lọ, tó jẹ́ nǹkan bíi 36 tọ́ọ̀nù. Ẹrù 900 àpò tí Bàbá sọ yẹn nìkan ti ju ìyẹn lọ kí a tó ka irin ọkọ̀ mọ́ ọn.

Akamọ́tò fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ya ìwé ìbéèrè náà sọ́tọ̀ bí ẹ ṣe wí, mo sì ti sọ àpò di tọ́ọ̀nù. Ìṣòro tó kù ni pé àwọn ọ̀wọ́ kan kéré: ọkọ̀ mẹ́rin péré ló gbé irin. Ṣé kí n lo mẹ́rin yẹn?

Ọmọ Oníṣirò fèsì pé:

Bí ẹrù ọkọ̀ kan sí èkejì bá ń yàtọ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 6 tọ́ọ̀nù, àṣìṣe ìpíndọ́gba ọkọ̀ 4 jẹ́ 3 tọ́ọ̀nù, torí pé gbòǹgbò iye ọkọ̀ (2 fún 4, 6 fún 36) la fi ń pín 6 yẹn. Ti ọkọ̀ 36 jẹ́ 1 péré. Ẹ da irin pọ̀ mọ́ ẹrù wíwúwo mìíràn tó ń gun irú trélà kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ dà á pọ̀. Ẹ má sọ ọ́ di ìpíndọ́gba gbogbo ọkọ̀, nítorí pé fóòmù wà nínú ìyẹn.

Bàbá Trélà fèsì pé:

Bí ẹ bá fẹ́ lọ lóru, ẹ má dá tańkà dúró lójú títì o, kì í tètè dúró. Ẹ lọ síbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun.

Ọmọ Oníṣirò fèsì pé:

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò yà jẹun kò ní bọ́ sínú ìwádìí náà, tí ó sì ṣeé ṣe kí ẹrù rẹ̀ yàtọ̀.

Akamọ́tò fèsì pé:

A ó ṣe méjèèjì. Ẹni méjì yóò máa ka ọkọ̀ lójú títì láì dá ẹnikẹ́ni dúró, ìyókù wa yóò wà níbi oúnjẹ pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, a ó sì fi iye tí wọ́n kà fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣàtúnṣe ohun tí a bá gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.