Lórí "àtúnṣe aládàáṣiṣẹ́": "àkárí" ló tẹ́ mi lọ́rùn jù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá ni pé ká máa pe àyípadà tí a fi ẹ̀rọ ṣe sí gbogbo kóòdù iṣẹ́ ńlá kan ní "àtúnṣe aládàáṣiṣẹ́". Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tó bá jẹ́ aládàáṣiṣẹ́ ń dá ṣiṣẹ́ ni, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sí nítòsí. Iṣẹ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà. Coccinelle, irinṣẹ́ tí Julia Lawall àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀. Èèyàn á kọ òfin: níbi tí o bá ti rí irú kóòdù báyìí, fi irú tọ̀hún rọ́pò rẹ̀. Irinṣẹ́ náà á wá ibi tó bá òfin mu rí, orúkọ tí ẹni tó kọ ọ́ lò ì báà yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kúrò lórí setup_timer, ọ̀nà àtijọ́ láti ṣètò aago nínú kóòdù náà, bọ́ sórí timer_setup, ọ̀nà tuntun, ní 2017. Síbẹ̀, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi tún un ṣe, àwọn alábòójútó sì ní láti yẹ apá tiwọn wò.

"Àfẹ̀rọṣe" ló bá a mu. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ "àfọwọ́ṣe" tí gbogbo wa mọ̀: nínú méjèèjì, ẹnì kan ló ń ṣe é, òun náà la ó sì bi léèrè bí nǹkan bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ojoojúmọ́ tí mo fẹ́ ni "àtúnṣe àkárí", torí kíkárí yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Bó bá ku ibì kan, ẹni tuntun á rí ọ̀nà àtijọ́ níbẹ̀, á sì dà á kọ.

Ẹ má jẹ́ ká pe git blame, àṣẹ kan nínú Git (irinṣẹ́ tó ń pa ìtàn àyípadà kóòdù mọ́), ní "ìdálẹ́bi". Ohun tí àṣẹ yẹn ń sọ ni ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kan gbẹ̀yìn. Nígbà tí Django, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì, fi Black, irinṣẹ́ tó ń to ìrísí kóòdù, to gbogbo kóòdù rẹ̀ ní 2022, àìmọye ìlà ló bọ́ sórí àyípadà kan ṣoṣo. Ta ló ṣẹ̀ níbẹ̀? Láti Git 2.23, ní 2019, a lè ní kó fo irú àyípadà bẹ́ẹ̀, kó wá ẹni tó kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. "Ìtọpasẹ̀" nìyẹn.

Ó ku orúkọ òfin Coccinelle, tí wọ́n ń pè ní "semantic patch" lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Àbùlẹ̀" ojú ihò kan ló ń dí, èyí sì ń lọ káàkiri. "Òfin àtúnṣe" ni mo ṣì ń lò. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.