Bàbà wọlé, gadolinium kò wọlé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àjàní_Agbowó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú kẹ́mísírì. Mo fẹ́ so bàbà àti gadolinium (irin kan tó ní agbára mágnẹ́ẹ̀tì) pọ̀ sínú mólékù kan ṣoṣo, kí n lè wo bí mágnẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. O-vanillin àti ethylenediamine ni mo fi ṣe ligand mi, ìyẹn mólékù tó máa di àwọn irin náà mú. Bí mo bá da ligand náà àti iyọ̀ irin méjèèjì sínú methanol lẹ́ẹ̀kan náà, tí mo fi triethylamine (álíkálì kan) sí i, omi náà á yí àwọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun funfun á wálẹ̀. Ṣé gadolinium mi nìyẹn?

Ìyá_Láàbù_Bódìjà
Àjàní ọmọ mi, òun ni, álíkálì yẹn ló ń sọ ọ́ di hydroxide tí kì í yọ́. Wo ligand yẹn dáadáa: yàrá méjì ló ní. Ti inú ní nitrogen méjì àti oxygen méjì, ó há, bàbà ló bá mu. Ti ìta jẹ́ oxygen mẹ́rin, ó fẹ̀, ibẹ̀ sì ni gadolinium ń wá, torí oxygen ló fẹ́ràn jù. Mẹ́rin kò tó o o! Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, kódà mẹ́wàá ló máa ń dì mú, nitrate ló sì fi ń kún ìyókù.

Má dà wọ́n pọ̀ mọ́. Kọ́kọ́ ṣe ti bàbà, sẹ́ ẹ, fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ. Ìgbà náà ni kí o wá fi gadolinium nitrate sí i nínú methanol, láìfi triethylamine kankan kún un.

Inú mi dùn pé o yan iṣẹ́ yìí. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méje tó dá wà ló wà lára gadolinium, ọ̀kan lára bàbà, oxygen àárín wọn ló sì ń jẹ́ kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Láti 1985 ni àwọn onímọ̀ ní Ítálì ti tẹ ìròyìn irú rẹ̀ jáde, síbẹ̀ ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Tádé_Òjé
Tó o bá fẹ́ fi ether fa kírísítálì jáde, ṣọ́ra fún ooru Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 35 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni ether ń hó, oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà sì lè dé ibẹ̀ lọ́sàn-án. Iná kì í dúró, má gbẹ́kẹ̀ lé firíìjì. Kúlà oníyìnyín ni mo ń lò.

Bísí_Sángo
Ẹ ṣé, mà. Ṣé uranium lè rọ́pò gadolinium níbẹ̀?

Ìyá_Láàbù_Bódìjà
Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, Bísí. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 4f gadolinium (4f, 5s, 5p àti 5f jẹ́ orúkọ ibùgbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú átọ́mù) fara pamọ́ sábẹ́ 5s àti 5p, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá aládùúgbò rẹ̀ pín nǹkan. 5f uranium nà síta jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìdè rẹ̀ fi lágbára, tó sì le láti sọ tẹ́lẹ̀. Gadolinium fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ +3 nígbà gbogbo, ìyẹn ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta ló ń pàdánù. Uranium lè jẹ́ +3 títí dé +6. Èyí tí wọ́n sábà máa ń tà, uranyl, wà ní +6: kò ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan tó dá wà, kò lè fún yín ní mágnẹ́ẹ̀tì. +4 ní méjì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń bà á jẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NNRA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ núkílíà ní Nàìjíríà.