Ẹ má fi oró sórúkọ ìtànṣán

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa gbé ọ̀rọ̀ méjì kalẹ̀ fún àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò: "ìtànṣán olóró" fún ohun tó ń tinú átọ́ọ̀mù jáde, àti "àbójútó ìtànṣán olóró" fún iṣẹ́ àwọn tó ń wọ̀n ọ́n láyìíká nígbà tí iléeṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù bá bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí i. Ẹ forí jì mí, bàbá, mi ò lè fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọwọ́ àwọn oníròyìn.

Ẹ jẹ́ kí n mú "olóró" ṣáájú. Àdó olóró là ń pe bọ́ǹbù, ejò olóró là ń pe èyí tó ń pani. Ohun tí a bá ti fi oró sí lórúkọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù téèyàn lè béèrè nípa rẹ̀: ṣé ó wà níbẹ̀ ni àbí kò sí? Ní oṣù Ògún 2023, nígbà tí Japan bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi iléeṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù Fukushima, èyí tó bàjẹ́ ní 2011, tí wọ́n ti sẹ́ sínú òkun, ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní Odò-Ògbè bi mí pé, "Tíṣà, ṣé oró ti wọ ẹja tèmi yìí?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló fẹ́ gbọ́, kò sì sí onímọ̀ tó lè fi òótọ́ dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán yìí wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ. Nínú ara àgbàlagbà kan, nǹkan bí 4,000 átọ́ọ̀mù pòtáṣíọ̀mù ló ń fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń tú u jáde. Ilẹ̀ ń tú u, òkúta ń tú u, ó ń ti ojú ọ̀run wá. Tí a bá pín in kárí ayé, nǹkan bí 2.4 mìlísíífáàtì (òṣùwọ̀n iye ìtànṣán tó dé ara èèyàn) ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Tí a bá pe gbogbo ìyẹn ní olóró, a jẹ́ pé olóró ni gbogbo wa.

"Mélòó ló wà nínú ẹ̀?" ni ìbéèrè tó lè ran ìyá ẹlẹ́ja yẹn lọ́wọ́. Bẹ̀kẹ́rẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn iye náà: bẹ̀kẹ́rẹ́ẹ̀lì kan ni átọ́ọ̀mù kan tó fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti oṣù Igbe 2012, 100 bẹ̀kẹ́rẹ́ẹ̀lì nínú kílò kan ni Japan fi ṣe òpin césíọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń tú ìtànṣán jáde, nínú oúnjẹ gbogboogbò. Kó tó dìgbà náà, 500 ni wọ́n ń lò lẹ́yìn ìjàǹbá Fukushima. Ẹni tó gbọ́ iye lè fi í wé òpin yẹn. Ẹni tó gbọ́ oró á kó ẹja rẹ̀ dànù, tàbí kó má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Mi ò sọ pé kò léwu o. Ní 1987, nílùú Goiânia ní Bràsíl, àwọn kan tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n pa tì. Ìyẹ̀fun césíọ̀mù inú rẹ̀ ń tàn bí iná aláwọ̀ búlúù lóru, àwọn èèyàn sì ń fi í pa ara, wọ́n ń kó o lọ sílé. Èèyàn mẹ́rin kú. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 112,000. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ kí n rí i pé "ìtànṣán olóró" ti kó nǹkan mẹ́ta pọ̀ sínú àpò kan: ìtànṣán fúnra rẹ̀, ohun tó ń tú u jáde, àti iye tó dé ara èèyàn. Ẹni tó jókòó nídìí iná, bó bá dìde, ooru ti tán lára rẹ̀; ṣùgbọ́n eérú tó bà lé e láṣọ á bá a délé. Àwọn ará Japan náà wà nínú ìṣòro yìí. Hoshasen ni ìtànṣán lédè wọn, hoshano sì ni agbára tí nǹkan ní láti tú u jáde, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn aráàlú, hoshano ni gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, "ìtànṣán átọ́ọ̀mù" ni kí a pe èkíní, kí a má fi oró sí i. "Eérú onítànṣán" ni kí a pe ohun tó ń fò nínú atẹ́gùn tó sì ń bà sílẹ̀. Àwa náà la ń sọ pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n eérú yìí kò mọ ẹni tó dà á. Ọjọ́ 26 oṣù Igbe 1986 ni iléeṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù Chernobyl ní ilẹ̀ Soviet bú. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ní iléeṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù Forsmark ní Sweden, eérú tó wà lára bàtà òṣìṣẹ́ kan ló mú kí ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán ké, ayé kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ìjọba Soviet nígbà yẹn. Àwọn àgbà ilé wa á rántí pé nígbà tí Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù wò ní Reggane nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní 1960, ẹ̀rù eérú yìí ba Nàìjíríà débi pé ìjọba wa já okùn ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú Faransé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1961. Fún iye tó dé ara, mo mú "àgbàsára" wá. Tí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dùn jù ú lọ, màá gbà á.

Ọ̀rọ̀ "àbójútó" ló dùn mí jù. Ẹni tó ń bójú tó ọmọ ń fún un lóúnjẹ, ó ń wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń wọn ìtànṣán, wíwọ̀n ló ń wọ̀n. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2011, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní SPEEDI ń ṣírò ibi tí eérú Fukushima ń gbà, ṣùgbọ́n ìjọba ò sọ fún àwọn ará Namie, ìlú kan nítòsí iléeṣẹ́ náà. Tsushima, àdúgbò kan ní Namie kan náà, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni eérú ń lọ. Agbẹnusọ ìjọba Japan nígbà náà, Yukio Edano, ń sọ lemọ́lemọ́ pé kò ní ṣe ìlera ní nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, àwọn òbí sì ń béèrè pé tó bá wá pẹ́ ńkọ́? Nígbà tí wọ́n fi 20 mìlísíífáàtì lọ́dún ṣe òpin fún ọgbà ilé-ìwé, inú bí wọn, àwọn aráàlú sì gbé ẹ̀rọ wọn jáde, wọ́n ń wọ̀n ọ́n fúnra wọn. Tí a bá pe iṣẹ́ yìí ní àbójútó, a ti bá ìjọba ṣe ìlérí tí kò tíì ṣe.

"Ìṣọ́ ìtànṣán" ni mo fara mọ́. Ẹnì kan ti sọ pé ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn èèyàn á rò. Kí ló burú níbẹ̀? Ẹni tó ń ṣọ́ kì í sùn, ẹ̀ṣọ́ tó bá sì rí nǹkan tí kò pariwo, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Igbe yẹn ni mo fẹ́ kó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó ku "ìdajì ẹ̀mí" tí ẹlòmíràn mú wá fún àkókò tí ìdajì átọ́ọ̀mù ohun onítànṣán fi ń fọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́jọ ni ìdajì ẹ̀mí áyódìnì onítànṣán á gbà pé ó kú lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, bẹ́ẹ̀ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ti césíọ̀mù tó bà sílẹ̀ ní Chernobyl jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún: ìdajì rẹ̀ ló kù ní 2016, ìdajì yẹn á sì tún gba ọgbọ̀n ọdún mìíràn kó tó pín sí méjì. "Àkókò ìpínsíméjì" ni mo rí, ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.